ÀBÁPÀDÉ NÍNÚ ÀWÒRÁN INÚ ARA: ÌTÀN BÍ OJÚṢE OLÙWÁDÌÍ ṢE YÍ PADÀ LÁTI 1895

Ìfáárà

Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Katzman, Dagher àti Patronas, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwòrán MRI tí wọ́n yà nínú ọpọlọ 1,000 ènìyàn. Kò sí èyí tí àìsàn gbé wá nínú wọn. Ńṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ le, kí àwọn olùwádìí lè fi ọpọlọ wọn wé ti àwọn aláìsàn. Síbẹ̀, nínú ènìyàn 180 ni wọ́n ti rí ohun tí ó ṣàjèjì. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ kò mú ewu lọ́wọ́: 151 kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún un wò mọ́. Àwọn 18 ní láti lọ rí dókítà nígbà tí àyè bá yọ, àwọn 11 sì ní láti tètè lọ. Ó kéré tán, ènìyàn méjì nínú àwọn 1,000 náà ni ó ń gbé kókó kiri nínú ọpọlọ láìmọ̀.

Kí ni ojúṣe olùwádìí sí àwọn méjì yìí? Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé nìyí. Lójú ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ hàn gedegbe: ẹni tí ó bá rí iná lórí òrùlé ẹlòmíràn, ariwo ni yóò fi bọnu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìtàn gbà kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti kú nítorí pé ẹni tí ó rí nǹkan kò mọ ohun tí ó rí. Àwọn mìíràn sì ti gba ìpalára nítorí pé wọ́n rí ohun tí kì bá má yọ wọ́n lẹ́nu títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe agbára ẹ̀rọ nìkan ni ó dá ìṣòro yìí sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Ẹni tí ń sùn sínú ẹ̀rọ ni ó yí padà, ẹni tí ń wo àwòrán náà sì yí padà pẹ̀lú. Nígbà tí ó jẹ́ pé aláìsàn ni ń sùn síbẹ̀, tí dókítà sì ń wò ó, ohun yòówù tí ó bá yọjú ní ẹni tí yóò gbà á. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ le bẹ̀rẹ̀ sí sùn síbẹ̀, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà sì ń wò ó, ohun tí ó yọjú di ọmọ òrukàn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ díẹ̀ wáyé lórí orúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kánjú túmọ̀ lè pe irú nǹkan báyìí ní 'àwárí àìròtẹ́lẹ̀'. Ṣùgbọ́n wíwá wà nínú àwárí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò wá a. Ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe alábàápàdé rẹ̀. Nítorí náà, 'àbápàdé' ni iṣẹ́ yìí yóò máa lò. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tí ó wá nǹkan ti pèsè ibi tí yóò gbé e kà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá a pàdé kò pèsè ibì kankan.

Ojú tí ó rí kí ó tó mọ̀

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán tí a mọ̀ sí X-ray. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tí egungun àti òrùka hàn nínú rẹ̀ kedere. Láàárín oṣù mélòó kan ní 1896, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi X-ray wá ọta ìbọn àti egungun tí ó ṣẹ́. Ojú ti ráàyè rí egungun inú ara alààyè láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Ṣùgbọ́n ojú náà kò tí ì mọ bí inú ara ẹni tí ara rẹ̀ le ṣe ń rí. Òkú ni ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara ti wá, pàápàá òkú àwọn tálákà àti ti àwọn tí àìsàn ti fìtínà tipẹ́ kí wọ́n tó kú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ thymus ti wọlé. Ẹ̀yà ara kan ni, lẹ́yìn egungun àyà, tí ó máa ń tóbi nínú ọmọ ọwọ́, tí ó sì máa ń sún kì bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Àìsàn tí ó pẹ́ lára náà máa ń mú un sún kì. Thymus kékeré tí àwọn oníṣègùn rí nínú òkú ọmọ àwọn tálákà ni wọ́n kà sí èyí tí ó bá ìṣẹ̀dá mu. Nígbà tí X-ray wá fi ti ọmọ tí ó wà láàyè, tí ó ń mu ọmú, tí ó ń rẹ́rìn-ín, hàn wọ́n, ó tóbi jù lójú wọn.

Wọ́n gbà pé thymus ńlá lè fún ọmọ lọ́nà ọ̀fun, kí ó sì pa á lójijì. Orúkọ àìsàn ti wà nílẹ̀ fún un, status thymicolymphaticus, láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1907, Alfred Friedländer ní Cincinnati fi ìtànṣán X-ray kan náà ṣe ìwòsàn fún ọmọ kan kí thymus rẹ̀ lè sún kì. Ìwòsàn yìí tàn kálẹ̀, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1950, Duffy àti Fitzgerald kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí àrùn jẹjẹrẹ mú nínú thyroid, ẹ̀yà ara tí ó wà níwájú ọ̀fun. Kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n ti fi ìtànṣán sí lọ́rùn nítorí thymus ní kékeré. Ìwádìí àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn fi hàn pé ọ̀ràn náà kì í ṣe kòńgẹ́.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ síbi ìtàn yìí, nítorí àwọn tí wọ́n bá ń jiyàn lórí àbápàdé lóde òní kì í sábà rántí rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà náà rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àìsàn ni kò sí níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwòsàn náà kì í ṣe òǹrorò, wọn kì í ṣe òpè. Ohun tí wọ́n gbà pé yóò gba ọmọ là ni wọ́n ṣe. Rírí ni ó ṣáájú ìmọ̀, ìwòsàn sì tẹ̀lé rírí láìdúró de ìmọ̀.

X-ray gbogbo ará ìlú

Ní 1936, ní Rio de Janeiro ní Brazil, Manoel de Abreu ṣe ètò kan tí ó sọ X-ray àyà di ohun tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Fíìmù kékeré ni ó fi ń ya àwòrán tí ó bá hàn lójú díńgí ẹ̀rọ náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè kọjá níbẹ̀ láàárín wákàtí kan. Àwọn ará Brazil fi orúkọ rẹ̀ pè é: abreugrafia. Ikọ́ ife ni wọ́n ń wá. Ní 1943, Bìrìtìkó náà bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní Glasgow ní 1957, láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, ó lé ní 700,000 ènìyàn tí wọ́n ya àwòrán àyà wọn.

Àwòrán àyà kì í ṣa ohun tí yóò fi hàn. Ẹni tí ó bá ń wá ikọ́ ife nínú rẹ̀ yóò rí ọkàn tí ó tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, yóò rí jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, yóò rí egungun ìhà tí ó ti ṣẹ́ rí tí ó sì ti jinná. Tí ó bá jẹ́ agbára ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ni ó dá ìṣòro àbápàdé sílẹ̀, ìgbà yìí gan-an ni ó yẹ kí àríyànjiyàn rẹ̀ gba ìgboro kan. Kò gba ìgboro kan. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Dókítà ni ó ń ka fíìmù wọ̀nyẹn. Ní Bìrìtìkó, láti ìgbà tí ètò ìlera ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ẹni tí ó bá kọjá níwájú ẹ̀rọ náà ní dókítà àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun yòówù tí wọ́n bá rí, wọn a fi sínú lẹ́tà, lẹ́tà náà a sì ní ibi tí ó ń lọ. Àwọn ará Glasgow kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọwọ́ kan náà ni ó gbà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ọdún 1982 bí

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, wọ́n fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Hounsfield àti Allan Cormack gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1979. Bí ẹ̀rọ náà ti kúrò ní orí tí ó dé ikùn, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí rí kókó kéékèèké lára ẹ̀yà ara tí ó jókòó lé kíndìnrín, nínú ẹni tí ó jẹ́ pé inú rírun lásán ni ó gbé wá. Ní 1982, Geelhoed àti Druy fún kókó yìí ní orúkọ, 'incidentaloma'. Àwàdà wà nínú orúkọ náà. Ìrù ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn fi ń parí orúkọ kókó ni wọ́n so mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kòńgẹ́, àfi bí ẹni pé kòńgẹ́ fúnra rẹ̀ ti di àìsàn.

Ọdún kan náà ni Paul Appelbaum, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ orúkọ ohun mìíràn: àṣìrò ẹni tí ó wà nínú ìwádìí, tí ó ń rò pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí òun, nítorí ìlera òun ni. Kò sí ẹni tí ó rí ìbátan láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì nígbà náà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti oníṣẹ́ abẹ, ti èkejì jẹ́ ti oníṣègùn ọpọlọ. Ó gbà ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó bá ara wọn pàdé nínú ẹ̀rọ MRI.

Ọmọ òrukàn

Paul Lauterbur ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà yíya àwòrán MRI hàn ní 1973. Òun àti Peter Mansfield gba Nobel ní 2003. Ẹ̀rọ yìí kò lo ìtànṣán tí ń ba ara jẹ́. Ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ìpalára tí wọ́n mọ̀. Àǹfààní yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò ṣàìsàn. Nígbà tí Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn ní 1990 pé MRI lè rí ìyípadà nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ gbé lọ sí ọpọlọ, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá rí ohun tí wọn kò ní rí: ọ̀nà láti wo ọpọlọ níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Bí iṣẹ́ wọn ti rí ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá, yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò sùn fún wákàtí kan bí wọ́n ti ń fi àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ hàn án, yóò gba owó díẹ̀, yóò sì lọ. Àwòrán tí wọ́n nílò ni èyí tí ó yára, kì í ṣe èyí tí ó mọ́ kedere. Dókítà kò ní fi irú rẹ̀ wo aláìsàn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò pa ọpọlọ ogún ènìyàn pọ̀ di ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè rí ohun tí ó jọ nínú gbogbo wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ẹnìkan, ìdọ̀tí ni lójú iṣẹ́ náà. Kókó inú ọpọlọ ẹni kẹtàdínlógún lè pòórá sínú àpapọ̀ láìsí ẹni tí ó ṣe àìdáa kankan. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ohun tí ó ba ni nínú jẹ́ tó èyí: ètò iṣẹ́ náà gan-an ni ó ń fọ àbápàdé dànù.

Ní 2002, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí nípa ìrántí. Àwòrán rẹ̀ fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ́ pọ̀ mọ́ra hàn nínú ọpọlọ, ohun tí ó lè bẹ́ nígbàkígbà. Wọ́n sọ fún un, ó sì gba ìwòsàn. Tirẹ̀ yọ sí rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí Judy Illes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn olùwádìí léèrè, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2004, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó dáhùn ni ó ti ṣe alábàápàdé nǹkan rí, ohun tí kálukú wọn sì ń ṣe sí i kò dọ́gba rárá. Níbì kan, dókítà ń ka gbogbo àwòrán. Níbòmíràn, ó di ìgbà tí ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ bá fura. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ètò kankan nílẹ̀.

Ìdí tí èyí fi burú hàn ní 2006, nígbà tí Kirschen, Jaworska àti Illes bi àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń retí. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó gbà pé bí nǹkan kan bá ń ṣe ọpọlọ òun, ìwádìí náà yóò rí i. Ọ̀rọ̀ Appelbaum ti 1982 nìyí. Ẹni tí ó bá jáde nínú ẹ̀rọ tí wọn kò sọ nǹkan kan fún, á lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ara òun dá ṣáṣá. Bí orí bá ń fọ́ ọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè má lọ rí dókítà, nítorí pé 'wọ́n ti wo orí mi'. Ìdákẹ́jẹ́ olùwádìí kì í ṣe òfìfo. Ọ̀rọ̀ ni lójú ẹni tí ń retí.

Wíwò àti àìwò

Ní oṣù Kìíní, ọdún 2005, àwọn oníṣègùn, amòfin àti onímọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ pàdé ní Bethesda lórí ọ̀rọ̀ yìí, èsì ìpàdé náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2006. Susan Wolf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà tí ó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ kalẹ̀ ní 2008: kí olùwádìí gbé ètò kalẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ ọ́ nínú ìwé ìfọwọ́sí, kí ó sì pín àbápàdé sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ sọ, èyí tí ó lè sọ, àti èyí tí kò yẹ kí ó sọ. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2013, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ gba ọ̀nà kan náà. Wọ́n ní olùwádìí gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ de àbápàdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúṣe rẹ̀ láti máa ṣọdẹ rẹ̀ kiri.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí dà bí ìwà ọ̀lẹ títí ènìyàn yóò fi wo iye tí ó wà nídìí rẹ̀. Ní Rotterdam, Vernooij àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde ní 2007 lórí àwòrán ọpọlọ 2,000 àgbàlagbà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 63 ní ìpíndọ́gba. Nínú ìdá 7.2 nínú 100 wọn ni apá kan ọpọlọ ti kú nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Nínú ìdá 1.8 ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wú. Iṣan tí ó wú lè bẹ́, kí ó sì pa ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn kì í sì í bẹ́ láéláé. Iṣẹ́ abẹ lórí rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún yóò máa fi ẹ̀rù sùn, yóò máa fi ẹ̀rù jí, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì lè yí ojú padà sí i. Ní South Korea, níbi tí yíya àwòrán ọ̀fun ti wá wọ́pọ̀ lẹ́yìn 1999, iye jẹjẹrẹ thyroid tí wọ́n rí ní 2011 tó ìlọ́po 15 ti 1993, síbẹ̀ iye àwọn tí ó ń pa kò yí padà. Ìtàn thymus ni ó tún padà wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó dára jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jùlọ ni UK Biobank, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ọpọlọ, ọkàn àti ikùn ní 2014, tí ó sì ya ti ẹni tí ó pé 100,000 ní 2025. Ètò wọn ni pé òṣìṣẹ́ tí ń ya àwòrán ni yóò sọ̀rọ̀ bí ojú rẹ̀ bá já sí nǹkan tí ó lè léwu. Dókítà kì í ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára 1,000 àkọ́kọ́. Nígbà tí dókítà ka gbogbo àwòrán náà, ó tọ́ka sí ènìyàn 179. Àwọn òṣìṣẹ́ tọ́ka sí 18. Lẹ́yìn tí wọ́n tọpa rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí dókítà tọ́ka sí kò já sí àìsàn líle. Wọ́n ti gbé wọn láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn lásán. Lórí èyí ni UK Biobank dúró, ìdúró náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ́ lálàmọ́tán. Díẹ̀ nínú àwọn tí àwọn òṣìṣẹ́ kò tọ́ka sí ní àìsàn tí ó le. Ní Jámánì, ètò ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní NAKO, tí ó ya nǹkan bí 30,000 ènìyàn, yàn pé kí dókítà ka àwòrán náà. Ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì dojú kọ, wọ́n sì pín ọ̀nà. Ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn yàn ni irú àṣìṣe tí òun lè fara dà.

Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì

Gbogbo ìlànà tí wọ́n ti dárúkọ gbà láìsọ pé dókítà kan wà níbì kan tí yóò gba àbápàdé lọ́wọ́ olùwádìí. Ní 2018, Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀rọ MRI tí ó wà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: 84 ni wọ́n rí, fún àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù 370. Nàìjíríà nìkan ní 58 nínú rẹ̀. Ní 2020, àṣẹ jáde ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ MRI kékeré tí wọ́n lè tì lórí táyà lọ sí ẹ̀bá ibùsùn, àwọn olùwádìí sì ti ń gbé irú rẹ̀ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti fi wo ọpọlọ ọmọdé. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti ẹ̀rọ ńlá, nítorí náà ẹni tí ó bá fi rí nǹkan ní láti tún un wò nínú ẹ̀rọ ńlá kí ó tó dá a lójú.

Ìyá ọmọ náà ni yóò gba ìwé tí ó sọ pé kí wọ́n tún un wò. Ẹ̀rọ ńlá náà lè wà ní ìlú mìíràn, owó rẹ̀ sì lè ju ohun tí ilé náà ń rí lóṣù lọ. Tí ìwé ìfọwọ́sí kò bá ti dárúkọ ẹni tí yóò san owó yẹn kí ọmọ tó sùn sínú ẹ̀rọ, ohun tí Glasgow ní ní 1957 ni ìwádìí náà kò ní.